Gbígbé ìbora àránpọ̀ gun férémù lọ́ńgáàmù: kí ni mo máa kọ́kọ́ so?

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ẹ̀rọ lọ́ńgáàmù kan ránṣẹ́ sí mi, tòkunbọ̀ ni, tòun ti férémù rẹ̀ tó gùn tó fíìtì mẹ́wàá. Ó ti gba gbogbo pálọ̀, ọkọ mi ò rí ibi jókòó wo bọ́ọ̀lù mọ́.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí: ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni, àmọ́ ọrùn rẹ̀ gùn gan-an, ó sì gun táyà kéékèèké. Òun ló ń rìn káàkiri lórí aṣọ, aṣọ kì í rìn. Aṣọ á ti nà sílẹ̀ láàárín àwọn irin róbótó mẹ́ta tí à ń pè ní rólà.

Ìbora alábala mẹ́ta ni mo fẹ́ rán. Ojú rẹ̀ jẹ́ àjákù àńkárá tí mo ti rán pọ̀, fáíbà pẹlẹbẹ ló wà láàárín, aṣọ òwú aláwọ̀ kan ló wà lẹ́yìn. Mo ti wo fídíò títí, òyìnbó wọn yára ju etí mi lọ. Èwo ni mo máa kọ́kọ́ so mọ́ rólà? Ṣé kí n fà á kó le bí awọ gángan ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye kí n tó ba àńkárá oníbàárà jẹ́.

Ọmọ Ìlọrin ní Houston

Àǹtí, ẹ kú oríire ẹ̀rọ. Ọlọ́run á jẹ́ ó ṣiṣẹ́ owó. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń lọ.

Aṣọ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ gun férémù, òun sì ni ọ̀gá. Bí ẹ̀yìn bá wọ́, kò sí ohun tí ojú lè ṣe sí i. Kí ẹ tó gbé e dé ìdí rólà rárá, ẹ rí i pé ó fi íǹṣì mẹ́rin ju ojú lọ lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí ojú bá jẹ́ íǹṣì 60 ní ìbú, tó sì jẹ́ 80 ní gígùn, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tó 68 sí 88. Kì í ṣe ìnákúnàá o. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni ẹ máa fi so mọ́ rólà, kílípù ló máa di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, orí ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ àyè tó máa gbà kọjá láìkọlu kílípù. Ẹ fún fáíbà náà ní irú àlékún kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo igun. Ẹ ṣẹ́ aṣọ ẹ̀yìn po sí méjì, etí kan etí, kí ẹ wò ó bóyá igun bá ara wọn mu. Aṣọ tí ọlọ́jà fi sísọ́ọ̀sì gé sábà máa ń wọ́. Èyí tó bá fi ọwọ́ ya ló máa ń tọ ojú òwú. Ẹ gé e kó gún, ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, kò gbọdọ̀ ku àpá kíká kankan lára rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé kánfáàsì kan wà lára rólà kọ̀ọ̀kan. Kánfáàsì yẹn ni ẹ máa fi pínnì so aṣọ mọ́. Ẹ wá àárín rẹ̀ gan-an, ẹ fi báírò tí kì í parẹ́ fa ìlà sí i, ẹ ó máa lò ó títí ayé. Ẹ wá àárín aṣọ ẹ̀yìn náà. Ẹ pa àárín pọ̀ mọ́ àárín, ẹ ti ibẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ẹ tún padà sí àárín kí ẹ wá lọ sósì. Ẹni tó bá ti igun kan bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa dé igun kejì, aṣọ á ti ṣẹ́ kù tàbí kó ti lé. Àlàfo pínnì kan sí èkejì kó má ju íǹṣì kan lọ, kí pínnì sì dùbúlẹ̀ tọ etí kánfáàsì. Ojú dáadáa ẹ̀yìn á kọjú sílẹ̀, òdì rẹ̀ lẹ ó máa wò.

Etí òkè lọ sára rólà ẹ̀yìn, ìyẹn èyí tó ń kó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti rán tán. Etí ìsàlẹ̀ lọ sára rólà iwájú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa yí i mọ́ ti iwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i.

Fáíbà ò gba pínnì. Ẹ gbé e lé ẹ̀yìn lórí, kí ìyókù máa rọ̀ sílẹ̀ níwájú. Ẹ ti ẹ̀rọ pa kó má lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, àfi ọ̀tún sósì, kí ẹ wá rán ìlà gbọọrọ kan gba orí fáíbà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ìlà yẹn ni ẹ máa gbé etí òkè aṣọ ojú tọ̀, kí ẹ tún rán òun náà mọ́lẹ̀ ní bí ìdá mẹ́rin íǹṣì sí etí. Kò tún sí ohun tó gún ju ìlà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ rán lọ.

Ti awọ gángan, rárá o. Ìyẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Télọ̀ Ọ̀ffà

Gbogbo ohun tí Houston sọ ló dáa, àmọ́ ó gbàgbé pé àwa ń gbé ibi tí àńkárá ò ti fẹ̀ ju bí íǹṣì 45 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ẹ̀yìn tó fẹ̀ tó 68, ó di dandan kó pa méjì pọ̀. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ojú ìrán náà lọ láti ọ̀tún sósì, kó dùbúlẹ̀ tọ rólà. Tí ẹ bá mú un dúró lóòró, á máa wé lórí ara rẹ̀ níbi kan náà nígbàkúùgbà tí rólà bá yí. Àárín rólà á wú, àárín aṣọ á le, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì dẹ̀. Ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rán an ní ìdajì íǹṣì, ẹ ṣí ojú ìrán sí méjì, ẹ lọ̀ ọ́ pẹlẹbẹ.

Etí aṣọ, ibi líle tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí, ẹ gé e kúrò kí ẹ tó pa aṣọ méjèèjì pọ̀. Ó le ju ara aṣọ yòókù lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, á fà, á wá hunjọ. Ṣùgbọ́n bí etí yẹn bá bọ́ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ so mọ́ kánfáàsì, ẹ fi í sílẹ̀. Ó gún, ó sì ń di pínnì mú dáadáa.

Ọmọ Ìlọrin ní Houston

Bọ̀dá Ọ̀ffà, gbogbo rẹ̀ lèmi ń gé, tòkè tìsàlẹ̀. Tó bá le ju ara aṣọ lọ, àtòkè rẹ̀ ló ti máa fa aṣọ jọ.

Télọ̀ Ọ̀ffà

Ẹ gé tiyín ní Houston. Èmi ò ní í gé tèmi ní Ọ̀ffà. Íǹṣì mẹ́rin ìta yẹn ni etí náà wà, a ó sì gé gbogbo ẹ̀ dànù gbẹ̀yìn. Ibo ló ti fẹ́ hunjọ dé?

Ahunṣọ Òkèlele

Àsàlámù àlékùn. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ síbí. Mi ò mọ ẹ̀rọ yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ fífa aṣọ kò ṣàjèjì sí mi.

Lórí òfì tiwa, a máa ń ta òwú síta gbọọrọ níwájú ahunṣọ. Òkúta la fi ń tẹ òpin rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Èwe ń bi wá pé kí ló dé tá ò fi dè é mọ́ èèkàn ká sinmi. Ìdí ni pé òkúta máa ń fún òwú láyè díẹ̀. Bí ahunṣọ bá fà á, á tẹ̀lé e. Èèkàn ò mọ ìyẹn, òwú ni yóò já. Ohun tó ń ba aṣọ jẹ́ ni kí òwú kan le kí èkejì rẹ̀ dẹ̀. Bí gbogbo wọn bá dẹ̀ díẹ̀ bákan náà, aṣọ á jáde dáadáa. Ọmọ mi, wo bó ṣe dọ́gba kí o tó wo bó ṣe le.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń fi àjákù aṣọ òkè sínú irú ìbora yìí, mo ti rí wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Aṣọ òkè máa ń tú létí. Ẹ wá nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ kí ẹ tó gé e wẹ́wẹ́.

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Bàbá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Sítéè rírọ̀ tó ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ni mo máa fi sábẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ ní kó má le, ẹ ní kó má dẹ̀. Ojú ò kúkú lè wọn ìyẹn.

Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, Òmù-Àrán

Ìka ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, fi ìka kan tì í sókè. Bí o bá lè fi ọwọ́ kejì di orí ìka yẹn mú láti òkè, ó ti tó. Bí aṣọ bá kọ̀ tí kò gbé ìka rẹ, dẹ̀ ẹ́ ní eyín kan tàbí méjì lára jíà rólà. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló wọlé, tún un yí. Ibi mẹ́ta ni kó o ti dán an wò, àárín àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nígbàkígbà tó o bá yí rólà. Má dán an wò lẹ́ẹ̀kan kó o wá máa sáré lọ.

Kílípù ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ó ń dì í mú ni, kì í ṣe pé ó ń fà á. Mo rí àwọn tó ń fa kílípù bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́, wọ́n á wá máa bínú pé etí ìbora àwọn ń ṣe wálẹ̀wálẹ̀.

Ohun kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ: bí aṣọ ojú bá ti wọ́ láti orí tábìlì, férémù ò ní í tún un ṣe. Ẹ máa ń gé aṣọ etí ìbora gbọọrọ, ẹ ó kàn máa rán an lọ títí yóò fi parí, ẹ ó wá gé èyí tó ṣẹ́ kù sọnù. Bí etí ṣe ń gùn ju àárín lọ nìyẹn. Fi téèpù wọn àárín ìbora láti òkè dé ìsàlẹ̀, gé etí méjèèjì ní ìwọ̀n yẹn gan-an, kó o wá pínnì wọn kó o tó rán wọn. Bó o bá gbé e dé orí férémù tí etí ń fì bí etí fìlà, tú u, lọ tún un rán. Oníbàárà ò ní í bá ọ ro ti wàhálà rẹ.

Ẹléẹ̀rọ Tàíwò, Ìlọrin

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò kì í ṣe télọ̀, ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ màdáámù tó ni ìbéèrè: ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn kẹ́ ẹ tó kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì? Iná Amẹ́ríkà, 110 sí 120 fóòtì ni. Tiwa níbí, 220 sí 240. Ibi tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ iná sí lára ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ kà. Tó bá jẹ́ 110 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì láìní sítẹ́pù-dáùn, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á jó, kò sì sí ẹni tó máa rí pátì rẹ̀ rà fún yín kíá.

Èkejì, ẹ gbé ìwọ̀n olómi tí àwọn bírìkìlà ń lò lé orí férémù ní òró àti ní ìbú. Ilẹ̀ pálọ̀ wa kì í sábà tẹ́jú. Bí férémù bá da orí sí ibì kan, ẹ̀rọ á máa yọ́ lọ sí apá yẹn fúnra rẹ̀, ìlà gbọọrọ tí Houston ń sọ kò sì ní í gún láéláé. Ẹ máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró.

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Háà! 110 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́run ṣeun pé mi ò tíì tàn án. Mo ń lọ ra sítẹ́pù-dáùn.

Tí iná bá wá lọ ní àárín iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹléẹ̀rọ Tàíwò, Ìlọrin

Ẹ má fa ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́: bó bá wà nínú aṣọ, ẹ fọwọ́ yí táyà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kó gòkè. Kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, ẹ fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sókè, kí ẹ fa òwú bọ́bìn, ìyẹn òwú abẹ́, jáde sójú, kó má bàa dì lábẹ́. Ẹni tó bá ní ínfátà ò ní í mọ̀ pé iná lọ.

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbé e gùn ún. Ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, fáíbà ti wà lórí ẹ̀, mo ti rán ìlà òkè. Apá òkè dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí rólà síwájú, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìrán, òwú òkè sì já. Mo yí òwú padà, ó tún já. Mo ti ìka bọ abẹ́ bí Ìyá Òmù-Àrán ṣe wí, ó gbé ìka mi dáadáa. Kí ló wá kù?

Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, Òmù-Àrán

Ìgbà wo lo ti abẹ́rẹ́ tuntun sí i?

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Òun tó bá a dé láti Amẹ́ríkà náà ni, Mà.

Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, Òmù-Àrán

Abẹ́rẹ́ tòkunbọ̀ nìyẹn. Yọ ọ́.

Ọmọ Ìlọrin ní Houston

Ẹ yọ abẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ tún wo gíga rólà. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń wé mọ́ rólà ẹ̀yìn, rólà yẹn ń sanra, ó sì ń gbé aṣọ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Férémù míì máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń gbé rólà yẹn sókè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ibi tí aṣọ yẹ kó wà ni kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pẹpẹ abẹ́ abẹ́rẹ́, kí ìka kékeré kan lè kọjá láàárín wọn. Bó bá ga jù, aṣọ á máa fò sókè tẹ̀lé abẹ́rẹ́, ìrán á fò. Bó bá sì fara kan pẹpẹ, á máa wọ́ lórí ẹ̀, ẹ̀rọ á wúwo lọ́wọ́ yín, ẹ̀yìn á hunjọ.

Ẹ yọ rọ́là gígùn kan, èyí tẹ́ ẹ fi ń wọn aṣọ, kí ẹ fi sábẹ́ okùn kílípù lọ́tùn-ún lósì kẹ́ ẹ wò ó bóyá okùn yẹn ń gbé etí aṣọ sókè. Èyí tó bá ń gbé e sókè ni kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Télọ̀ Ọ̀ffà

Àti òwú. Òwú tá a fi ń rán búbá lásán kì í gba ìyára ẹ̀rọ yẹn. Ẹ wá òwú pólíẹ́sítà tó dára, onígóńgó ńlá tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́.

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Abẹ́rẹ́ ni, gíga náà sì wà níbẹ̀. Mo sọ rólà ẹ̀yìn kalẹ̀ díẹ̀, mo ti abẹ́rẹ́ tuntun sí i, ìrán ò fò mọ́. Ìyá Òmù-Àrán, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin.

Ó ku ọ̀kan. Houston, ẹ ò ní kí n so ìsàlẹ̀ aṣọ ojú mọ́ rólà kankan. Kí wá ni rólà kẹta wà fún?

Ọmọ Ìlọrin ní Houston

Òun ni àwọn míì ń so ìsàlẹ̀ aṣọ ojú mọ́, kí wọ́n sì yí i mọ́ ọn. Bí ojú bá jẹ́ odindi aṣọ kan tó gún dáadáa, kò burú. Ṣùgbọ́n ojú tiyín jẹ́ àjákù àńkárá. Apá kan tọ ojú òwú, apá kan gba báyásì, ìyẹn ni pé ó yà kúrò lójú òwú, kálukú ló ń fà ní tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, ẹ lè fọwọ́ tún un tò nígbà tẹ́ ẹ bá yí rólà síwájú, kẹ́ ẹ sì fi ìrán gbọọrọ tí a máa tú ta á mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ fi téèpù wọn ìbú rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 60 lókè, tó wá di 61 ní àárín, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀ ń tì í síta. Ẹ rọra fà á padà kẹ́ ẹ tó rán an mọ́ ọn.

Ẹ tún rántí fáíbà. Bó bá ti wà nínú ọ̀rá fún ìgbà pípẹ́, ẹ tú u sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí àpá kíká rẹ̀ lọ. Ẹ mú èyí tó fẹ́lẹ́. Ìlọrin kì í ṣe ibi òtútù. Ẹni tẹ́ ẹ bá rán ìbora onífáíbà nínípọn fún á fi sínú àpótí ni.

Télọ̀ Ọ̀ffà

Àfi tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́ ọjọ́ náà lásìkò ọyẹ́, eruku ń wọ ibi bọ́bìn. Ẹ yọ àpótí bọ́bìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu ibẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kán òróró ẹ̀rọ kan síbi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kán an sí. Òróró ẹ̀rọ o, kì í ṣe òróró ìdáná.

Aránṣọ Àdéwọlé, Ìlọrin

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ṣé kí n kàn fa pínnì yọ ni?

Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, Òmù-Àrán

Kọ́kọ́ rán etí ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bó o ṣe rán tòkè, kí ẹ̀yìn má lọ gbọ̀ngbọ̀n. Yọ kílípù. Tú jíà rólà kó dẹ̀ pátápátá kó o tó fọwọ́ kan pínnì kankan. Aṣọ tó bá ṣì le á fà ya níbi tí pínnì wà. Ka pínnì bó o ṣe ń yọ wọ́n sínú àwo, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú kánfáàsì ló máa gún ọ lọ́wọ́ lọ́la. Lẹ́yìn náà ni kó o tẹ́ ìbora sórí ilẹ̀, kó o wá gé àlékún ẹ̀yìn àti ti fáíbà dànù. Àjákù ẹ̀yìn yẹn, má sọ ọ́ nù o, gé e ní íǹṣì méjì àbọ̀, fi ṣe báíńdìn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bo etí ìbora.